Katakata tí orúkọ rẹ̀ kò gbajúmọ̀: ta ni yóò máa bá wa tún un ṣe ní Òkè-Ògùn?

Alágbàdo_Ìsẹ́yìn | Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Katakata HP 50 sí 60 la fẹ́ rà fún oko éékà 120, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, kí a sì máa fi ṣiṣẹ́ fún àwọn ará àdúgbò bí àyè bá yọ. Massey Ferguson tuntun ti kọjá agbára wa. Èyí tí a rí ní Èkó wá láti Íńdíà, orúkọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ owó rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti Massey. Ti Ṣáínà kan náà wà tó tún rọjú jùyẹn lọ. Ẹni tó ń tà á ní wáráńtì ọdún kan wà, pé mẹkáníìkì á máa wá láti Èkó. Kò sí ọ́fíìsì wọn ní Ìsẹ́yìn, kò sí ní Ṣakí, kò sí ní Ọ̀yọ́.

Ṣé kò léwu láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí aṣojú wọn kò sí nítòsí? Kí ló yẹ ká bi ẹni tó ń tà á ká tó sanwó? Páàtì wo ló sì yẹ ká rà mọ́ ọn?

Ọmọ_Ìlọrin | Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ ra Massey tòkunbọ̀, MF 375 tàbí 385. Kò sí ìlú tí ẹ ó dé tí ẹ ò ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. HP 50 tí ẹ ń wò yẹn náà á tú éékà 12 lójúmọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá dúró, ó dúró náà nìyẹn.

Ìyá_Páàtì_Gate | Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

Ọmọ Ìlọrin, òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú u wò. Massey kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Millat ń ṣe é ní Lahore, ní Pakistan. TAFE ń ṣe é ní Íńdíà. AGCO, tó ra orúkọ náà ní 1994, ń ṣe tirẹ̀ ní Brazil. Pupa ni gbogbo wọn, Massey ni wọ́n kọ sí gbogbo wọn lára, páàtì wọn ò sì bára mu délẹ̀. Ẹni tó bá dé ọjà tó ní kí wọ́n fún òun ní kílọ́ọ̀ṣì Massey, tí kò mú nọ́ńbà ṣásí dání, àfàìmọ̀ kó má gbé ohun tí kò wọlé padà sóko.

Ohun kejì, ibi tí orúkọ bá ti ńlá ni ayédèrú ń bá a dé. Ẹ mú fílítà dísẹ́ẹ̀lì tó pọ́ọ̀kú jù lọ́jà, kí ẹ fi ayùn gé e sí méjì. Bébà inú rẹ̀ kò ní pọ̀, àlàfo gbọ̀ọ̀rọ̀ á wà láàárín ìṣẹ́po kan àti èkejì, gọ́ọ̀mù tó mú un mọ́ irin á sì ti ṣí lápá kan. Ibi tó ṣí yẹn ni ìdọ̀tí ń gbà wọ inú pọ́ǹpù.

Nítorí náà, lójú tèmi, orúkọ kékeré tí aṣojú rẹ̀ kó páàtì sórí pẹpẹ sàn ju orúkọ ńlá tí ẹ ó máa ra ayédèrú rẹ̀ lọ. Pẹpẹ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ wò. Kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n to katakata sí, ẹ yà sí kọ́ńtà páàtì, ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ. Ẹ kọ ohun 12 sínú ìwé: fílítà ọ́ìlì, fílítà dísẹ́ẹ̀lì, fílítà afẹ́fẹ́, bẹ́líìtì fáànù, pọ́ǹpù omi, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, nọ́sù tó ń fín dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti bẹ́árìn tó ń tì í, pọ́ǹpù háídírọ́líìkì, orí sítíárìn, síìlì họ́ọ̀bù iwájú, sítátà. Ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde, kí ojú yín rí i, kí ọwọ́ yín kàn án. "A máa bá yín ọ́dà rẹ̀" kì í ṣe páàtì. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ò sọ nǹkan kan fún yín, ẹnikẹ́ni lè ní fílítà. Kílọ́ọ̀ṣì, pọ́ǹpù háídírọ́líìkì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Bàbá_Ṣèyí_Mẹkáníìkì | Ọjọ́ Ajé, 12:31 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Màmá. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé bí kò bá ti sí aṣojú nítòsí, ẹ̀rọ ti kú nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wò á rí ìdajì páàtì rẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ aṣojú.

Ilé-iṣẹ́ kékeré púpọ̀ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra wọn. Ẹ nu eruku ara ẹ́ńjìnnì kúrò, ẹ wá àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Lára katakata Ṣáínà, ẹ lè bá Yangdong, Laidong, Changchai tàbí Xinchai níbẹ̀, nígbà tí orúkọ tó wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ pátápátá. Orúkọ ara àwo yẹn àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ máa fi ra písítìnnì, rìngì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti pọ́ǹpù omi. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wà lára jẹnẹrétọ̀, ó sì wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́rù ní wíáháòsì, nítorí náà ẹni tó ń ta páàtì rẹ̀ lè má tíì rí katakata rí.

Bẹ́árìn náà ò mọ orúkọ ẹni tó kọ́ katakata. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí ẹ kà. Láti 04 lọ sókè, ẹ mú nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti mọ fífẹ̀ ihò àárín rẹ̀ nìyẹn: 6205, ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, 6308, mílímítà 40. 2RS túmọ̀ sí pé rọ́bà bò ó lójú méjèèjì, ZZ túmọ̀ sí pé irin ló bò ó. Síìlì ọ́ìlì náà, iye mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, bíi 35×52×7: ihò inú, fífẹ̀ ìta, sísanra. Ẹ kà á kí ẹ tó yọ ọ́, torí bí irin bá ti gún un nígbà tí ẹ ń yọ ọ́, nọ́ńbà á ti bàjẹ́.

Pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì wọn ń kọ́? Bí Bosch tàbí Mico bá wà lára rẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Àwọn tí ń tún pọ́ǹpù ṣe ní Ìbàdàn mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àdìsá_ẸrọOko | Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán

Bàbá Ṣèyí, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa bẹ́árìn àti síìlì, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo kàn fẹ́ fi ibi tó parí sí kún un, kí Alágbàdo má baà gbọ́ ìdajì.

Ohun tí ọjà lásán lè fún yín ni bẹ́árìn, síìlì, bẹ́líìtì, họ́ọ̀sì, bátìrì, táyà, àti ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí orúkọ ẹni tó ṣe é bá hàn. Ohun tí kò lè fún yín ni gíà inú àpótí, ọ̀pá kílọ́ọ̀ṣì, písítìnnì háídírọ́líìkì àti fáàfù rẹ̀, eyín PTO (ọ̀pá tó yọ lẹ́yìn katakata, tó ń yí ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn) láti inú, àpò àáásù iwájú (ọ̀pá irin tó so táyà iwájú méjèèjì), àti gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ kékeré náà rọ fúnra rẹ̀. Èyí tó sì ń dá katakata dúró lásìkò iṣẹ́, ní ilẹ̀ oníkùkùté bíi ti Òkè-Ògùn, inú àwọn yìí ló pọ̀ sí. Díìsì páláò bá kùkùté pàdé, ẹrù náà bọ́ sórí ọ̀pá apá ìsàlẹ̀ tó ń gbé páláò lẹ́yìn katakata, apá ìsàlẹ̀ tẹ̀, tàbí pín-ìnnì àárín àáásù iwájú ṣẹ́. Bẹ́árìn kọ́ nìyẹn.

Ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì nìkan. Ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ bára mu: fífẹ̀ àwo rẹ̀ láti etí dé etí, iye eyín ihò àárín, fífẹ̀ ọ̀pá tó ń gba inú ihò yẹn kọjá, àti ibi tí ihò àárín yọ síta sí, bóyá ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni tàbí ọ̀dọ̀ gíà. Mẹ́ta lè bá ti Massey mu kí ìkẹrin kọ̀. Bí ẹ bá fi dandan wọ̀ ọ́, ihò àárín á máa ha fláíwíìlì, ìyẹn àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, gíà ò ní wọlé láìpariwo, kò sì ní pẹ́ tí àwo náà á fi ya.

Wọ́n lè kan láíníìn tuntun mọ́ àwo àtijọ́, àwọn tí ń kan láíníìn bíréèkì ń ṣe é. Ó máa ń tó sáà kan. Kì í pẹ́ jùyẹn lọ, torí sípíríǹgì inú àwo ti rẹ̀.

Ẹ rántí katakata Steyr tí wọ́n máa ń tò ní Bauchi nígbà kan. Ẹ̀rọ tó lágbára ni, ilé-iṣẹ́ tó ń tò ó sì wà nínú orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí iṣẹ́ dẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó wà lóko ò rí páàtì mọ́, ọ̀pọ̀ ló dúró sábẹ́ igi pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ṣì dára. Páàtì tí kò dé ló pa wọ́n.

Òǹkà_Oko | Ọjọ́ Ajé, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Ìlọrin, éékà 12 lójúmọ́ yẹn ò lè jẹ́ ti páláò oní-díìsì 3 lórí HP 50. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Díìsì 3 ń gé fífẹ̀ tó tó mítà 0.9. Bó bá ń rìn ní kìlómítà 5 láàárín wákàtí kan, mítà 0.9 lọ́nà 5,000 jẹ́ mítà oníbùú-lóòró 4,500, ìyẹn hẹ́kítà 0.45. Ẹ yọ àkókò tó fi ń yí lópin poro, kùkùté, epo àti ìsinmi dírẹ́bà, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ló kù: hẹ́kítà 0.315. Wákàtí 8, hẹ́kítà 2.5. Éékà 6 nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń ṣe ìṣirò yìí rèé. Bí katakata bá dúró ọjọ́ 15 nítorí páàtì, éékà 90 ló lọ. Oko éékà 120 ni ẹ ní. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹrin ló ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò ti rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wá katakata, ẹ ò ní rí ẹlòmíràn háyà, àgbàdo ìgbà òjò àkọ́kọ́ yín ti lọ nìyẹn. Ẹ gbé iye tí àgbàdo éékà 90 máa mú wọlé síwájú, kí ẹ gbé ìdá kan nínú mẹ́ta tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdúró kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí oṣù tí kò dára lè jẹ gbogbo èrè owó pọ́ọ̀kú yẹn tán.

Ọmọ_Ìlọrin | Ọjọ́ Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà, Òǹkà. Háró, tó ń fọ́ ilẹ̀ tí a ti tú, ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo pe 12. Ti páláò, 6 ni.

Bísí_Ìbàràpá | Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan katakata ọlọ́wọ́ náà, èyí tí ènìyàn ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn? Éékà 4 péré ni oko tí mo ń bèèrè fún. Wọ́n ní kò sí aṣojú rẹ̀ rárá, pé ọjà lásán ni wọ́n ti ń tà á.

Bàbá_Ṣèyí_Mẹkáníìkì | Ọjọ́ Ajé, 9:00 alẹ́

Bísí, ti ìyẹn rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan, irú S195: HP 12, fífẹ̀ sílíńdà mílímítà 95, gígùn ìrìn písítìnnì mílímítà 115. Ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ gàrí níbi púpọ̀. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ gàrí ṣe lè tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: S195 àti ZS195 kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti S, epo ń jó nínú yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dé orí písítìnnì. Ti ZS, tààrà sórí písítìnnì ni. Orí ẹ́ńjìnnì wọn, písítìnnì wọn àti nọ́sù wọn ò jọra. Kọ èyí tó wà lára àwo tìrẹ sínú fóònù rẹ kó o tó lọ sọ́jà. Ìṣòro rẹ á kù sí bẹ́líìtì àti abẹ tí ń gé ilẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ sì lè rọ abẹ.

Ọmọ_Èkìtì_Houston | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:26 òru

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ bèèrè ta ni ó kọ́ katakata náà gan-an. Ní Amẹ́ríkà níbí, LS ti Kòríà ló ń kọ́ àwọn katakata kékeré kan tí New Holland ń tà ní àwọ̀ búlúù. TYM, Kòríà náà ni, ló kọ́ àwọn Mahindra kékeré kan. Ẹni tó bá mọ èyí lè bèèrè páàtì lọ́wọ́ aṣojú méjì dípò ẹyọ kan. Ní Íńdíà náà, Mahindra ló ni Swaraj láti 2007, TAFE sì ra Eicher ní 2005. Sonalika àti Solis, ilé-iṣẹ́ kan náà ní Hoshiarpur ló ń ṣe méjèèjì.

Ẹ tún bèèrè ìwé àṣẹ. Ẹni tó gba ẹrù kọ̀ǹténà kan ṣoṣo wá tún ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú. Ẹ fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ, àdírẹ́sì wọn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bi wọ́n pé ta ni aṣojú wọn ní Nàìjíríà, ṣé wáráńtì ẹ̀rọ tó ní nọ́ńbà yìí múlẹ̀. Aṣojú tòótọ́ kò ní bínú sí i.

Àdìsá_ẸrọOko | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Ẹ ṣé, Ọmọ Èkìtì. Àmọ́ kí ẹni kankan má rò pé níwọ̀n ìgbà tí Mahindra ti ni Swaraj, páàtì wọn ti di ọ̀kan. Ẹni tó ni owó ló yí padà, àpótí gíà ò yí. Swaraj ní àwòrán tirẹ̀ kó tó bọ́ sí ọwọ́ Mahindra.

Wáráńtì tí wọ́n fi ẹnu sọ fún Alágbàdo, kí ó di ìwé kó tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye oṣù àti iye wákàtí síbẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni yóò parí rẹ̀. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ mẹkáníìkì láti Èkó dé oko? Láàárín ọjọ́ mélòó ni yóò dé? Bí páàtì kò bá sí ńkọ́, ṣé wọ́n á tú u kúrò lára ẹ̀rọ tuntun tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Aṣojú tó bá lè fọwọ́ sí i pé òun á yọ pọ́ǹpù kúrò lára ẹ̀rọ tí òun ń tà kí tiyín lè padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ lè bá onítọ̀hún ṣòwò.

Owó náà, ẹ má san án tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ di ìdá 10 nínú 100 mú títí wọ́n á fi wá ṣe sáfíìsì wákàtí 50 àkọ́kọ́. Sáfíìsì yẹn ṣe pàtàkì torí eérú irin láti ara gíà tuntun wà nínú ọ́ìlì. Wọ́n á dà á nù, wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á tún fún àwọn nọ́ọ̀tì táyà àti ti orí ẹ́ńjìnnì wò, wọ́n á wo àlàfo táápẹ́ẹ̀tì. Bí wọn ò bá wá fún èyí tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín, wọn ò ní wá fún òmíràn.

Dírẹ́bà_Ṣakí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:18 àárọ̀

Ẹnì kankan ò tíì mẹ́nu ba ọ́ìlì. Katakata Íńdíà òde òní púpọ̀, inú ọ́ìlì ni bíréèkì wọn ti ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì kan náà ló wà nínú gíà, nínú bíréèkì àti nínú háídírọ́líìkì. UTTO ni wọ́n ń kọ sí kẹ́ẹ̀gì irú ọ́ìlì yìí. Bí ẹ bá da ọ́ìlì gíà 90 tàbí 140 tó nípọn sí i, bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, pọ́ǹpù háídírọ́líìkì ò ní rí ọ́ìlì fà ní àárọ̀ tí ojú ọjọ́ tutù, páláò á máa gòkè ní ìgbọ̀nrìrì. Ẹ ó rò pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́, ọ́ìlì ni. Ẹ bi aṣojú yín pé irú ọ́ìlì wo, lítà mélòó, ibo ni a ti ń rí i rà ní Ìsẹ́yìn tàbí Ọ̀yọ́. Bí kò bá lè dáhùn láìwo ìwé, kó wo ìwé níwájú yín.

Kí dírẹ́bà má sì fi ẹsẹ̀ sinmi lórí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì. Bẹ́árìn tó ń tì í ló ń kọ́kọ́ jẹ, àwọn ìka tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ la katakata sí méjì láàárín kó tó dé ibẹ̀.

Ìyá_Páàtì_Gate | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Páàtì tí ẹ bèèrè, Alágbàdo. Fún wákàtí 1,000 àkọ́kọ́, bí n óò ṣe kó o nìyí. Fílítà ọ́ìlì 5, torí lẹ́yìn ti wákàtí 50, wákàtí 250 ló wọ́pọ̀ fún ìpààrọ̀, bí ìwé ẹ̀rọ yín bá sì sọ òmíràn, tìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fílítà dísẹ́ẹ̀lì 4, kí ẹ fi 2 kún un bí epo yín bá jẹ́ ti inú kẹ́ẹ̀gì, omi máa ń wà nínú ẹ̀. Fílítà afẹ́fẹ́ 2 bó bá jẹ́ oníbébà. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo ọ́ìlì nísàlẹ̀, ẹ ò nílò rẹ̀, ẹ kàn máa fọ abọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà ọyẹ́. Bẹ́líìtì 2, họ́ọ̀sì rédíétọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀. Nọ́sù odindi sẹ́ẹ̀tì kan àti páìpù nọ́sù 1, torí páìpù a máa ṣẹ́ níbi nọ́ọ̀tì rẹ̀. Pọ́ǹpù omi 1. Bẹ́árìn àti síìlì họ́ọ̀bù iwájú fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Orí sítíárìn 2. Kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bẹ́árìn rẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 1. Síìlì pọ́ǹpù háídírọ́líìkì. Ẹ ra kílọ́ọ̀ṣì yẹn bó tilẹ̀ wọ́n, ẹ má fi sílẹ̀ dìgbà míràn.

Ẹ gba ìwé páàtì, èyí tó ní àwòrán àti nọ́ńbà, kì í ṣe ìwé bí wọ́n ṣe ń wà á nìkan. Ti Ṣáínà, ẹ ṣí i wò kí ẹ rí i pé kì í ṣe èdè Ṣáínà nìkan ló wà níbẹ̀.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́_Àgbẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Àbá mi: ẹ wá àgbẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò tó fẹ́ ra katakata lọ́dún yìí, kí gbogbo yín ra orúkọ kan àti irú kan. Ẹ̀rọ mẹ́rin lọ́wọ́ kan lè mú kí aṣojú gbé páàtì wá sí Ìsẹ́yìn, kó sì kọ́ mẹkáníìkì ìlú kan. Ẹyọ kan ò lè mú kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ó sì ra páàtì tó wọ́n ní àjọrà, kílọ́ọ̀ṣì 1, pọ́ǹpù háídírọ́líìkì 1.

Dírẹ́bà_Ṣakí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́

Akọ̀wé, àjọrà dùn ún sọ. Ilé ta ni páàtì náà máa wà? Bí ti ẹnì kan bá bàjẹ́ ní oṣù Kẹrin tó mú un, ti ẹlòmíràn náà bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjà ti dé.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́_Àgbẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:12 alẹ́

Ìwé ló ń parí ìyẹn. Ẹni tó mú páàtì fi owó òmíràn tuntun sílẹ̀ kó tó gbé e kúrò, wọ́n á fi owó náà ra èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Kò sí àwìn. Kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní katakata, bí akápò ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ pé bí wọn ò bá fẹ́ tẹ̀ lé èyí, kí kálukú ra tirẹ̀.

Alágbàdo_Ìsẹ́yìn | Ọjọ́ Ẹtì, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gidigidi, gbogbo yín. A dé kọ́ńtà páàtì àwọn tó ń ta ti Íńdíà lánàá. Nínú ohun 12 Màmá, 8 wà tí ojú rí. Gásíkẹ́ẹ̀tì wà, nọ́sù wà. Kílọ́ọ̀ṣì kò sí, pọ́ǹpù háídírọ́líìkì kò sí, pọ́ǹpù omi àti sítátà kò sí. Wọ́n ní kílọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ nínú kọ̀ǹténà. Wọ́n gbà láti kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n á yọ páàtì lára ẹ̀rọ tuntun bí tiwa bá dúró. Ti Ṣáínà, 3 péré ló wà, gbogbo rẹ̀ fílítà. A ti fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn méjì míràn ní Ìsẹ́yìn ní àwọn á bá wa ra ti Íńdíà náà bí a bá rà á.

Bàbá_Ṣèyí_Mẹkáníìkì | Ọjọ́ Ẹtì, 6:03 ìrọ̀lẹ́

8 kò burú rárá. Sítátà, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, àwọn oníwáyà á tún un dì. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ gbé páláò yín dání, kí ẹ má baà délé kí ó má wọ̀. Ihò apá ìsàlẹ̀ tí a ń so páláò mọ́, oríṣi kìn-ín-ní (Category 1) gba pín-ìnnì mílímítà 22, oríṣi kejì gba mílímítà 28. Páláò Baldan ti Brazil tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, oríṣi kejì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ gbé e sókè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn bí díìsì ṣe jìnnà sílẹ̀ tó, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ti wálẹ̀ débi pé ojú rí i kedere, ẹ ní kí wọ́n tú fáàfù háídírọ́líìkì rẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e. PTO náà, eyín 6, mílímítà 35, kí ó máa yí ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan kí ẹ́ńjìnnì tó dé ìparí ìsáré rẹ̀.

Ìyá_Páàtì_Gate | Ọjọ́ Ẹtì, 8:47 alẹ́

Alágbàdo, ẹ má tíì san. Katakata mẹ́ta ni ẹ fẹ́ rà báyìí, ẹ fi í bá wọn sọ̀rọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì 2 àti pọ́ǹpù háídírọ́líìkì 1 gbọ́dọ̀ wà nínú rìsíìtì kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí nọ́ńbà páàtì wọn sì wà níbẹ̀. Bí kọ̀ǹténà wọn bá dé, ẹ tú páálí kílọ́ọ̀ṣì náà níwájú wọn, ẹ ka eyín àárín rẹ̀, ẹ fi tépù wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tó wà nínú ìwé páàtì. Bí kò bá bára mu, kí wọ́n dá a padà sínú kọ̀ǹténà wọn, kì í ṣe sínú ọkọ̀ yín.

Alágbàdo_Ìsẹ́yìn | Ọjọ́ Ẹtì, 9:10 alẹ́

A gbọ́, Màmá. A ó dúró de kọ̀ǹténà yẹn. Ṣé kí a gba ìwé páàtì lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, kí a ti mọ iye eyín tó yẹ kó ní?

Ìyá_Páàtì_Gate | Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ gbà á lọ́la. Ẹ ya àwòrán ojú-ìwé kílọ́ọ̀ṣì àti ti pọ́ǹpù sí fóònù, ẹ fi sí ibí yìí, Àdìsá á bá yín wò ó.